Iná gbé ọmọ iṣẹ́ mi lórí òrùlé lẹ́yìn tí a ti pa sólà. Kí ni ẹ̀yin ń ṣe níbi tiyín?

OnísólàKétu

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, gbogbo ẹ̀yin tí a jọ ń ṣiṣẹ́ iná. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá yìí kò jẹ́ kí n fojú kan oorun láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Ilé kan ní Kétu níbí ni wọ́n ti pè wá. Àwọn onílé ní sólà àwọn ti rẹ̀ sílẹ̀, kò kún bátìrì mọ́. Pánẹ́ẹ̀lì mẹ́jọ ló wà lórí òrùlé, 550 wáàtì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n so wọ́n tẹ̀léra, ìdí ọ̀kan mọ́ orí èkejì. Onduleur, ẹ̀rọ tó ń sọ iná sólà di irú iná tí ilé ń lò, wà nínú yàrá ẹ̀yìn. Mo pa onduleur, mo gbé disjoncteur, suwíìṣì tó ń gé iná, sílẹ̀, mo yọ ti bátìrì. Ojú mi ni mo fi rí i pé gbogbo iná wínníwínní ara ẹ̀rọ náà kú pátá. Ni mo bá ní kí ọmọ gun òkè lọ wo àwọn ojú ìsopọ̀.

Òjò ti rọ̀ láàárọ̀, páànù ṣì tutù. Ó jókòó lé páànù, ó rí MC4 kan, ojú ike tí a fi ń so wáyà pánẹ́ẹ̀lì pọ̀, tó ti jó dúdú, tí ike rẹ̀ ti là, ó sì fọwọ́ kàn án. Igbe tó ké ṣì wà létí mi títí di báyìí. Iná taari rẹ̀ sẹ́yìn, ògiri fàráńdà ló gbà á. Ká ní apá kejì ló ṣubú sí ni, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni ìbá já sí.

Ọlọ́run yọ ọ́. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ jó, itan rẹ̀ náà jó níbi tó fi jókòó. Ọmọ ọdún 19 ni, ìyá rẹ̀ ló fà á lé mi lọ́wọ́. Ó ti pé ọdún mẹ́fà tí mo ti ń ṣe sólà, ohun tí mo sì mọ̀ ni pé tí a bá ti gbé disjoncteur sílẹ̀, iná ti tán. Ibo ni iná tó gbé ọmọ yìí ti wá? Kí ni ẹ̀yin ń ṣe kí irú èyí má dé bá àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ yín? Ẹ jọ̀ọ́, ohun tí ẹ bá mọ̀, ẹ má fi pamọ́ fún mi.

BàbáOníná_Àjàṣẹ́

Ọmọ mi, kú ewu. Kí Ọlọ́run wo ọmọ náà sàn kíákíá.

Itan rẹ̀ tó jó ló tú àṣírí ọ̀rọ̀ yìí fún mi. Ọwọ́ ni iná gbà wọlé, itan ló gbà jáde, páànù tó jókòó lé ló sì jáde sí. Ìyẹn ni pé wáyà kejì, èyí tó wá láti òdì kejì àwọn pánẹ́ẹ̀lì yẹn, ti bó níbì kan, ó sì ti fara kan páànù. Padà lọ wo etí òrùlé, níbi tí wáyà ti ń sọ̀ kalẹ̀ wọnú ilé. Etí páànù mú bí abẹ, afẹ́fẹ́ á máa mi wáyà lé e lórí lójoojúmọ́ títí awọ rẹ̀ yóò fi gé. Gbogbo òrùlé náà ti di wáyà nígbà yẹn. Ọmọ náà wá fi ọwọ́ kan ẹnu kejì. Ara rẹ̀ ló parí ìsopọ̀ náà.

Disjoncteur tí o gbé sílẹ̀, iná tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló pa. Èyí tó wà níwájú rẹ̀, láti ibẹ̀ títí dé orí òrùlé, kò kú. Oòrùn kò ní disjoncteur. Bí ojúmọ́ bá ti mọ́, pánẹ́ẹ̀lì ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni pa ohunkóhun nísàlẹ̀. Ohun tí àwa tó ti ìdí iná ilé bọ́ sí sólà kì í tètè gbà nìyí, torí pé iná ilé, tí o bá ti gé e láti ọ̀dọ̀ mítà, ó ti tán lóòótọ́.

Jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Pánẹ́ẹ̀lì 550 wáàtì kan, tí kò bá gbé ẹrù kankan, ó máa ń sún mọ́ 50 fóltì. Mẹ́jọ tí wọ́n so tẹ̀léra, 400 fóltì nìyẹn. Iná SBEE, ilé iṣẹ́ iná ìjọba Benin, tí gbogbo ayé ń sá fún, 220 ni. Nígbà tí mo bọ́ sí iṣẹ́ sólà, ìlànà àwọn Faransé tí wọ́n ń pè ní NF C 18-510 ni wọ́n fi dá mi lẹ́kọ̀ọ́. Nínú rẹ̀, 120 fóltì DC (iná tó ń sàn sí ọ̀nà kan ṣoṣo, irú ti pánẹ́ẹ̀lì àti bátìrì) ni ààlà: ohun tó bá ti ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọn kò kà á mọ́ iná kékeré mọ́. Pánẹ́ẹ̀lì mẹ́ta péré ti kọjá rẹ̀. Bí ọyẹ́ bá sì mú láàárọ̀, tí pánẹ́ẹ̀lì tutù, fóltì yẹn tún ń gòkè díẹ̀ sí i ni.

Ohun kejì. Iná SBEE ń lọ, ó ń bọ̀, ìgbà 100 ló ń kan òdo láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí a bá já a, iná tó bá ta níbẹ̀ á rí àyè kú. DC kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Bí o bá fa MC4 yọ nígbà tí iná ń sàn nínú rẹ̀, iná náà á nà láàárín ẹnu méjèèjì bí okùn, á sì máa jó, á máa yọ́ irin, ojú rẹ ló sì máa kọ́kọ́ bá. Ìdí nìyẹn tí disjoncteur tí wọ́n ṣe fún AC, irú iná SBEE tó ń lọ tó ń bọ̀, kò fi gbọdọ̀ sí lójú ọ̀nà pánẹ́ẹ̀lì. Mo ti tú àpótí tí irú rẹ̀ ti yọ́ mọ́ra wọn nínú, ọwọ́ rẹ̀ wà nísàlẹ̀ bí ẹni pé ó pa, iná sì ń kọjá lọ ní tiẹ̀. Ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára: ṣé DC ni, fóltì mélòó ló sì lè pa.

Bí èmi ṣe ń ṣe é nìyí. Mo á kọ́kọ́ pa àwọn ohun tó ń jẹ iná nínú ilé, kí ẹrù kúrò lórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo á pa apá AC, kí n tó pa suwíìṣì DC tó ti ọ̀dọ̀ pánẹ́ẹ̀lì wá, kí n tó wá yọ bátìrì. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ kò fẹ́ kí bátìrì kúrò kí pánẹ́ẹ̀lì tó kúrò, o lè jó kọ́ńtíròlà, ẹ̀rọ tó ń darí bí iná ṣe ń wọ bátìrì. Lẹ́yìn náà mo á dúró. Onduleur ní àwọn kápásítọ̀ nínú tó ń tọ́jú iná pamọ́. Wọ́n kọ ìṣẹ́jú tó yẹ kí a fi dúró sí ara rẹ̀, márùn-ún ni lára ọ̀pọ̀, òmíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi kì í ṣí i kí àsìkò náà tó pé, bí onílé tilẹ̀ ń kanra.

Kí n tó fọwọ́ kan MC4 kankan, mo á fi mítà oníẹnu tó ń há wáyà há a, irú èyí tó lè wọn DC, kí n rí i pé òdo ni iná tó ń sàn níbẹ̀. Bí kò bá jẹ́ òdo, mi ò ní fà á. Lẹ́yìn náà ni mo á wọn fóltì. Mo á wọn láàárín wáyà méjèèjì, mo á sì wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan sí páànù àti sí irin tí pánẹ́ẹ̀lì jókòó lé. Ìwọ̀n sí páànù yìí ni ìbá sọ fún ọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun pé ewu wà lókè, kí ọmọ tó gun àkàbà.

Mítà gan-an máa ń purọ́. Bátìrì inú rẹ̀ lè ti kú, wáyà rẹ̀ lè ti já nínú. Fi kan ohun tí o mọ̀ dájú pé iná wà nínú rẹ̀ ná, kí o tó wọn ibi iṣẹ́, kí o sì tún padà fi kan ohun àkọ́kọ́ yẹn. Ìgbà mẹ́ta. Kó jẹ́ mítà tí wọ́n kọ CAT III 1000 V sí lára, ìyẹn àmì pé ó lè gba fóltì ńlá láìṣe ẹni tó mú un léṣe, àti àwọn wáyà rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ̀mí ọmọ ẹlòmíràn kò ṣeé rà lọ́jà.

ÌyáOlómiTútù_Ouando

Ẹ má bínú pé mo dá sí ọ̀rọ̀ àwọn oníṣẹ́. Mò ń ta omi tútù àti ohun mímu ní Ouando, sólà ló ń gbé fìríìsà mi. Bàálé mi máa ń gun òkè lọ fọ pánẹ́ẹ̀lì pẹ̀lú omi àti ọṣẹ, pàápàá lásìkò ọyẹ́ tí eruku bá bò ó. Ọ̀kan tilẹ̀ ti fọ́ lójú, ó là bí ojú ìtàkùn aláǹtakùn, ṣùgbọ́n ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Àyà mi ń já bí mo ṣe ń ka ọ̀rọ̀ yín. Ṣé kó má gun ún mọ́ ni?

BàbáOníná_Àjàṣẹ́

Ìyá, ẹ ṣeun tí ẹ bi wá. Ẹ sọ fún bàbá pé kí wọ́n má ṣe da omi sórí ìlà àwọn pánẹ́ẹ̀lì tí èyí tó là yẹn wà. Omi á gba ojú ibi tó là wọlé bá iná, á sì gbé e wá sí ara irin. Ẹ pe oníṣẹ́ yín kó yọ ọ́ kúrò lórí ìlà. Pé ó ń ṣiṣẹ́ kò ní kó má pààyàn.

Ní ti àwọn tó kù, kí wọ́n fọ̀ wọ́n ní ìdájí kí oòrùn tó mú wọn gbóná, torí omi tútù lórí gíláàsì gbígbóná lè là á. Omi lásán ti tó, àti kànìnkànìn tó rọ̀ lórí ọ̀pá gígùn. Kí wọ́n dúró sí ilẹ̀ tàbí orí àkàbà tó dúró dáadáa, kí wọ́n má tẹ orí pánẹ́ẹ̀lì, kí wọ́n má sì fọwọ́ kan wáyà tó wà lábẹ́ rẹ̀ rárá.

ỌmọSábẹ̀ẹ́

OnísólàKétu, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Èmi ń ṣe sólà tó ń fa omi lórí oko, ní Sábẹ̀ẹ́ àti àwọn abúlé tó yí wa ká. Ohun méjì ni mo fẹ́ fi kún ọ̀rọ̀ Bàbá.

Èkínní, àgádágodo. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi. A wà nídìí kànga oko kan, mo ti pa suwíìṣì DC nínú ilé kékeré tí ẹ̀rọ wà, mo sì bọ́ sẹ́yìn lọ tún ojú wáyà tó lọ sínú kànga so. Ẹni tó ń ṣọ́ oko dé, ó rí i pé omi kò yọ, màlúù àwọn Fúlàní sì ti tò síbi omi. Ó wọlé, ó rí suwíìṣì tó wà ní pípa, ó tan án. Kò ṣe ibi, oore ló rò pé òun ń ṣe. Wáyà wà lọ́wọ́ mi. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà ni Ọlọ́run fi yọ mí, mo sì rí iná tó ta láàárín ìka mi. Mo jókòó sílẹ̀ fún bíi wákàtí kan, ẹsẹ̀ mi kò gbé mi.

Láti ọjọ́ náà, suwíìṣì tí mo bá pa, mo á fi àgádágodo tì í. Ọ̀pọ̀ suwíìṣì DC ni wọ́n ti lu ihò sí fún un. Kọ́kọ́rọ́ á wà lápò mi, kì í ṣe lórí tábìlì, kì í ṣe lọ́wọ́ ọmọ iṣẹ́. Bí a bá jẹ́ mẹ́ta lẹ́nu iṣẹ́, àgádágodo mẹ́ta ló máa wà níbẹ̀, oníkálukú á ṣí tiẹ̀ nígbà tó bá sọ̀ kalẹ̀. Mo tún ń so páálí mọ́ ọn, mo kọ orúkọ mi àti nọ́ńbà mi sí i, mo fi èdè wa kọ ọ́, mo fi Faransé kọ ọ́: ÈÈYÀN Ń ṢIṢẸ́ LÓKÈ, MÁ TAN ÁN. Bí ẹni tó wà nílé kò bá mọ̀wé, mo á fẹnu sọ fún un, mo á sì jẹ́ kó tún un sọ fún mi.

Èkejì, agbọ́n. Ẹ máa rò pé kò kan ọ̀rọ̀ iná, ó kàn án. Abẹ́ pánẹ́ẹ̀lì gbóná, òjò kò débẹ̀, agbọ́n fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Ẹni tí agbọ́n ta lójijì lórí òrùlé á di ohunkóhun tó bá wà níwájú rẹ̀ mú, ó lè jẹ́ wáyà, ó sì lè jẹ́ afẹ́fẹ́. Ẹ kọ́kọ́ fi ọ̀pá gígùn tó ní gíláàsì tàbí fóònù lórí wo abẹ́ rẹ̀. Lóko, ejò náà máa ń sùn nínú àpótí wáyà. Ẹ má fọwọ́ ki ibi tí ojú yín kò tíì rí.

TẹkíAdjarra

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, mo bọ̀wọ̀ fún yín o, àmọ́ ó dà bíi pé ẹ ti jẹ́ kó le jù. Tapólì dúdú ni èmi máa ń fi bo gbogbo pánẹ́ẹ̀lì, mo sì ń ṣiṣẹ́ mi lọ. Nígbà mìíràn mo á dúró di alẹ́. Oòrùn kò sí, iná kò sí.

BàbáOníná_Àjàṣẹ́

Arákùnrin, bíbò dára, èmi náà ń bò ó. Kó nípọn, kí ìmọ́lẹ̀ má gbà á kọjá, kí ẹ sì so ó mọ́lẹ̀ dáadáa, torí atẹ́gùn kan péré ló máa ṣí i nígbà tí wáyà wà lọ́wọ́ yín. Ṣùgbọ́n ẹ wọn ọ́n lẹ́yìn tí ẹ bò ó. Fóltì kò nílò oòrùn púpọ̀. Ní ìdájí, kí oòrùn tó yọ rárá, ẹ gbé mítà sí i, ẹ máa rí ọgọ́rọ̀ọ̀rún fóltì. Ohun tí ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ ń dín kù jù ni ámpíà, àmọ́ iná tó lè dá ọkàn èèyàn dúró kò tó ìdajì ámpíà kan.

Alẹ́ ńkọ́? Pánẹ́ẹ̀lì ti sùn lóòótọ́, bátìrì kò sùn, SBEE kò sùn, ẹ sì wà lórí òrùlé tí ẹ kò rí ẹsẹ̀ yín. Mo mọ ẹni tó fi bẹ́ẹ̀ já bọ́. Iná kò tilẹ̀ gbé e, ibadi rẹ̀ ló ṣẹ́.

TẹkíAdjarra

Mo gbọ́, Bàbá. Mi ò tíì gbé mítà sí i ní ìdájí rí. Máa ṣe é lọ́la.

Aráàlà_Ìmẹ̀kọ

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o, láti òdìkejì ààlà. Mo máa ń wá ṣiṣẹ́ ní Kétu dáadáa. Àwa ń pe onduleur yín ní ínfátà, disjoncteur ni bíréékà.

Kò sẹ́ni tó tíì ya bátìrì sọ́tọ̀, òun sì lèmi bẹ̀rù jù. Nítorí pé 48 fóltì ni, àwọn ọmọ máa ń fọwọ́ pa á lórí bí ológbò. Òótọ́ ni pé ó ṣòro kó gbé èèyàn. Ohun tó ń ṣe yàtọ̀. Bí sípánà bá já bọ́ lé ẹnu méjèèjì pẹ́nrẹ́n, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ámpíà ló máa gbà á kọjá, irin á pọ́n bí irin alágbẹ̀dẹ, á ta sí ojú. Òrùka ìgbéyàwó tó bá há sáàárín kò ní ṣeé yọ, ìka ni yóò bá a lọ. Nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ súnmọ́ bátìrì lọ́dọ̀ mi, òrùka, aago, ṣéènì ọrùn, àgbékọ́ kọ́kọ́rọ́, gbogbo rẹ̀ á wà nínú fìlà kan lẹ́nu ọ̀nà. Sípánà tí wọ́n fi rọ́bà bò láti ilé iṣẹ́, tí wọ́n kọ 1000 V sí, ni kí ẹ lò. Èyí tí ẹ fi téèpù wé fúnra yín, téèpù á bó lọ́jọ́ tí ẹ kò rò. Ẹ fi rọ́bà bo ẹnu bátìrì tí ẹ kò fọwọ́ kàn. Bó bá jẹ́ bátìrì olómi, gáàsì tó ń jáde lára rẹ̀ nígbà tó ń gba iná máa ń gbiná bí ìbọn: fèrèsé ní ṣíṣí, kò sí sìgá, kò sí àbẹ́là. Kí omi tó mọ́ wà nítòsí pẹ̀lú, torí ásíìdì ojú kò ní dúró de ìgbà tí ẹ bá lọ pọn.

Èyí tó kù nìyí. Ilé tó ní SBEE, tó ní ínfátà, tó tún ní jẹnẹrétọ̀, ọ̀nà mẹ́ta ni iná lè gbà wọ wáyà kan náà. Ẹ tọpa wáyà kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó gbàgbọ́. Mo ti rí ilé tí ínfátà ti ń rán iná padà sí ẹ̀yìn mítà nítorí pé wọn kò fi suwíìṣì tó ń yàn láàárín méjèèjì sí i. Òṣìṣẹ́ tó gun òpó ní òpópónà, tó rò pé iná ti lọ, òun ni irú ilé bẹ́ẹ̀ máa pa.

Nọ́ọ̀sì_Àjàṣẹ́

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe, àbúrò mi ló ń ṣe sólà, òun ló ní kí n wá ka èyí. Mo fẹ́ sọ nípa lẹ́yìn tí iná bá ti gbé èèyàn, torí ibẹ̀ la ti ń pàdánù ẹni tó yẹ kó yè.

Ẹ má ṣe sáré lọ fọwọ́ mú un. Mo mọ̀ pé ó nira, ọmọ yín ni, ẹ̀gbọ́n yín ni. Bí ẹ bá dì í mú, èèyàn méjì la máa gbé. Ẹ pa suwíìṣì. Bí ibi tó wà bá jẹ́ èyí tí suwíìṣì kò ká, bíi orí òrùlé yìí, ohun gbígbẹ tí kò gbé iná ni kí ẹ fi tì í kúrò tàbí kí ẹ fi gbá wáyà kúrò: igi gbígbẹ, ọ̀pá ike. Ẹsẹ̀ yín náà kó wà lórí ohun gbígbẹ. Ìdí nìyí tí ẹnì kan kò fi gbọdọ̀ dá ṣiṣẹ́. Kí ẹni tó wà nísàlẹ̀ mọ ibi tí suwíìṣì wà, kó má jẹ́ ọmọ tí ẹ rán lọ ra àkàrà.

Bó bá ti kúrò lára iná, ẹ pè é, ẹ wo àyà rẹ̀. Bí kò bá dáhùn, tí kò mí bó ṣe yẹ, ẹ jẹ́ kí ẹnì kan pe 118, àwọn panápaná, kí ẹlòmíràn bẹ̀rẹ̀ sí tẹ àyà rẹ̀. Ìdí àtẹ́lẹwọ́ láàárín àyà, ọwọ́ kejì lórí rẹ̀, kó wọlé tó sẹ̀ǹtímítà 5 sí 6, kó yá tó ìgbà 100 sí 120 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹ má dúró. Ó máa ń rẹni, ẹ gbà á lọ́wọ́ ara yín.

Ibi tó jó, omi mímọ́ tó ń sàn ni kí ẹ fi tù ú fún ogún ìṣẹ́jú. Ẹ má fi epo pupa sí i, ẹ má fi ọṣẹ ìfọyín sí i, ẹ má fi ẹyin sí i. Mo ti fi ọwọ́ mi họ gbogbo wọn kúrò lójú egbò, ìrora rẹ̀ ju ti iná àkọ́kọ́ lọ. Bó bá dìde tó ní kò sí nǹkan kan tó ṣe òun, ẹ ṣì gbé e lọ sílé ìwòsàn. Iná máa ń jó inú ju ìta lọ, ó sì lè da ọkàn rú ní wákàtí lẹ́yìn náà. Kí wọ́n ya àwòrán bí ọkàn ṣe ń lù. Bí ìtọ̀ rẹ̀ bá dúdú bí tíì, kí ẹ sọ fún dókítà kíákíá, ẹran ara tó jó ń ba kíndìnrín jẹ́ nìyẹn.

OnísólàKétu, ṣé ẹ gbé ọmọ yìí lọ?

OnísólàKétu

A gbé e lọ, mà. Wọ́n dá a dúró mọ́jú, wọ́n ní ọkàn rẹ̀ ń lù dáadáa. Ìtọ̀ rẹ̀, mi ò mọ̀, màá bi ìyá rẹ̀ lálẹ́ yìí.

ỌmọPobè

Ní tèmi, mo ti ṣe òṣìṣẹ́ ojúmọ́ ní ibùdó sólà ńlá kan, koríko ni mò ń gé. Ní agbègbè wa níbí, ẹ mọ̀ pé ibùdó 25 MW tó wà ní Illoulofin ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún 2022, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló sì ń wá irú iṣẹ́ yìí. Ẹ jẹ́ kí n kìlọ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ lọ.

Ẹ̀rọ tí a fi ń gé koríko máa ń gé wáyà tó rọ̀ sílẹ̀ lábẹ́ pánẹ́ẹ̀lì. Ní ibi tí mo wà, wọ́n kò kọ́ wa ní nǹkan kan ní ọjọ́ àkọ́kọ́, wọ́n kàn fún wa ní ẹ̀rọ. Níbẹ̀, ìlà kan lè ju 1000 fóltì lọ. Ọ̀rẹ́ mi kan gé wáyà, iná ta, koríko gbígbẹ gbà á. Gbogbo wa sáré gbé korobá omi, ọ̀gá kan ló pariwo pé kí a má dà á sí i, nítorí omi lórí wáyà tó ní irú fóltì yẹn á gbé iná padà wá bá ẹni tó ń dà á. Ẹ̀rọ panápaná onílúbúlúbú ni wọ́n fi pa á. Béèrè kí o tó bẹ̀rẹ̀: níbo ni wáyà gbà kọjá, ta ló ń pa iná, ṣé wọ́n kọ orúkọ mi sí CNSS, àjọ tó ń ṣètọ́jú òṣìṣẹ́ tó bá fara pa? Ìbéèrè kẹta yìí, wọ́n máa ń bínú sí i. Bèèrè rẹ̀ náà. Ọmọ iṣẹ́ tó dá lápá tí orúkọ rẹ̀ kò sí níbì kankan, ìyá rẹ̀ ló máa rà á lóògùn.

OnísólàKétu

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Owó ló kù tí mo fẹ́ bi yín. Mi ò lè ra gbogbo ohun tí ẹ kà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Èwo ni kí n kọ́kọ́ rà?

BàbáOníná_Àjàṣẹ́

Mítà tó dára ni àkọ́kọ́. Àgádágodo méjì, ìyẹn kò wọ́n. Lẹ́yìn náà ìbọ̀wọ́ rọ́bà tí wọ́n kọ Classe 0 sí, ó wà fún 1000 fóltì AC àti 1500 fóltì DC. Kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ń fọ abọ́, kì í sì í ṣe ti òwú tí àwọn bíríkìlà ń wọ̀. Ti òwú tó bá rin kò yàtọ̀ sí ọwọ́ lásán. Láràárọ̀, ká ẹnu ìbọ̀wọ́ náà kó mú afẹ́fẹ́ há sínú, gbé e sétí, tẹ̀ ẹ́. Bí o bá gbọ́ fíì, sọ ọ́ nù. Wọ ìbọ̀wọ́ awọ lé e lórí kí etí páànù má gún un. Gíláàsì ojú. Lẹ́yìn náà bẹ́líìtì orí òrùlé àti okùn rẹ̀, torí ó ju ẹnì kan lọ nínú wa tí iná kò pa, tó jẹ́ pé ìṣubú ló pa á.

ỌmọSábẹ̀ẹ́

Kí ẹ tó rà á tán, èyí tí kò gba owó: bí òjò bá ti rọ̀, tí páànù tutù, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gùn ún. Onílé á kanra, kó kanra.

OnísólàKétu

Mo padà wá. Mo lọ síbẹ̀ ní àárọ̀ Sátidé, mo gbẹ́nu mítà sí ìdí suwíìṣì ní wíwọn sí páànù, gẹ́gẹ́ bí Bàbá ṣe wí. 390 fóltì ló kọ síwájú mi. Ọwọ́ mi gbọ̀n, mo gbé e kúrò, mo fi kan bátìrì mọ́tò mi kí n mọ̀ pé kì í ṣe mítà ló ń purọ́, mo tún padà wọn ọ́n. 390. Etí òrùlé gan-an ni, wáyà dúdú ti gé débi bàbà rẹ̀, wọ́n kò fi ike kankan bò ó nígbà tí wọ́n ṣe é. Àwọn tó ṣe é kò sì so irin pánẹ́ẹ̀lì mọ́ wáyà tó wọlẹ̀ rárá. Mo fi tapólì bo pánẹ́ẹ̀lì, mo ti suwíìṣì pa pẹ̀lú àgádágodo, mo tú ìlà náà sí wẹ́wẹ́, kí ó má baà sí ibi tó ti ju 50 fóltì lọ kí n tó fọwọ́ kan wáyà tó bó. A ti pààrọ̀ rẹ̀, a fi í sínú páìpù, a sì ti ri irin wọlẹ̀ fún un.

Nọ́ọ̀sì, ìyá rẹ̀ ní ìtọ̀ rẹ̀ mọ́. Ọmọ náà wá sí ṣọ́ọ̀bù lánàá pẹ̀lú ọwọ́ tó wé. Mi ò jẹ́ kó gun nǹkan kan. Ó jókòó tì mí, ó fi ọwọ́ òsì gbé mítà tuntun náà, ó kì í sójú iná ògiri, ó wò ó, ó ní, "Ọ̀gá, 224 ni. Òótọ́ ló ń sọ."

ỌmọSábẹ̀ẹ́, agbọ́n wà lábẹ́ pánẹ́ẹ̀lì kẹfà o, ilé wọn tó àwo. Kí lẹ fi ń lé wọn tí kò ní ba wáyà jẹ́?

ỌmọSábẹ̀ẹ́

Ẹ má lo èéfín, ẹ má sì lo epo bẹntiróòlù, á jẹ awọ wáyà, á sì gbiná. Ẹ dúró di ìdájí tí òtútù ti mú wọn, kí wọ́n tó máa fò. Omi ọṣẹ kọ́ o, ẹ rántí ìlà náà. Ọ̀pá gígùn tí kò gbé iná ni kí ẹ fi já ilé wọn bọ́ láti ilẹ̀, kí ẹ sì sá kúrò níbẹ̀ títí di ọ̀sán.